Ọmọ ọdún 5, ìyá ọdún 79: ṣé ìmọ̀ kan náà lè ran àwọn méjèèjì lọ́wọ́?

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìbàdàn ni mo ń gbé. Ọmọkùnrin mi pé ọdún 5, ọ̀rọ̀ tó lè sọ kò ju bíi mẹ́wàá lọ, àwọn dókítà sì ti sọ pé autism ni. Bí a bá gbé ìwé sí i níwájú, tàbí tí a bá fẹ́ wẹ̀ fún un, á bẹ̀rẹ̀ sí í bu ọwọ́ ara rẹ̀ jẹ, á sì máa gbá orí mọ́ ògiri. Ìyá mi tí wọ́n jẹ́ ẹni ọdún 79 náà wà lọ́dọ̀ wa láti ọdún tó kọjá. Wọ́n ti ń gbàgbé nǹkan gan-an. Ó lè tó ìgbà ogún lójúmọ́ tí wọ́n á bi mí pé, 'Bàbá yín dà?', bẹ́ẹ̀ bàbá mi ti kú láti ọdún 2011. Tó bá ti di ìrọ̀lẹ́, wọ́n á máa kígbe pé, 'Ẹ gbà mí o!' Àbúrò mi tó wà ní Houston ní kí n wá ẹni tó mọ ABA fún ọmọ náà. Ọkọ mi ní bí wọ́n ṣe ń kọ́ ajá ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, àti pé bisikíìtì tí mo máa ń fún ọmọ kó tó ṣe nǹkan, àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ni. Ṣé òótọ́ ni pé ó lè ran ọmọ mi lọ́wọ́? Ṣé ó lè ran ìyá mi náà lọ́wọ́, àbí ọmọdé nìkan ló wà fún? Wọ́n ṣáà ní kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò."

Ẹ kú ìtọ́jú, ẹ sì kú àìsùn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka lẹ́tà yín kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn. Bó ṣe yé mi sí ni pé ẹ ń bẹ̀rù pé bí ẹ bá gba ọ̀nà yìí fún ọmọ, ẹ ó máa tọ́ ọ bí ẹni ń tọ́ ẹran ọ̀sìn. Ẹ sì ń bẹ̀rù pé ti Màmá ti kọjá ohun tí apá ká, pé ìfaradà nìkan ló kù. N kò gbà pé ìkankan nínú méjèèjì rí bẹ́ẹ̀. Ìdáhùn mi ní kúkúrú ni pé ojú kan náà la fi ń wo ọmọ ọdún 5 àti àgbà ọdún 79, ṣùgbọ́n ohun tí a ó ṣe fún ọmọ kọ́ la ó ṣe fún àgbà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ àlàyé rẹ̀, torí pé inú àlàyé yẹn ni ẹ ti máa rí ohun tí ẹ lè fọwọ́ ara yín ṣe láti ọ̀la.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tú orúkọ rẹ̀. ABA tí àbúrò yín dárúkọ, ìyẹn Applied Behavior Analysis lédè Gẹ̀ẹ́sì, ìtúpalẹ̀ ìṣesí ni èmi máa ń pè é. N kì í pè é ní ìtúpalẹ̀ ìwà, nítorí ọ̀rọ̀ ńlá ni ìwà lédè wa. Ìwà là ń wádìí kí a tó fi ọmọ fọ́kọ. Bí a bá sì sọ pé ìwà ọmọ kan kò dára, ọmọ náà fúnra rẹ̀ la ti dá lẹ́bi. Ìṣesí yàtọ̀. Ohun tí ojú rí tí etí sì gbọ́ ni, tí a lè kà: ó bu ọwọ́ jẹ lẹ́ẹ̀mẹrin láàárọ̀ yìí; wọ́n kígbe fún ìṣẹ́jú 25 lálẹ́ àná. Ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí kò ní bi yín pé irú ọmọ wo lẹ bí yìí. Ohun tó máa bi yín ni pé kí ló ṣẹlẹ̀ kó tó ṣe é, kí ni òun gan-an ṣe, kí ló sì tẹ̀lé e. Lẹ́yìn tó bá ti gbọ́ ìyẹn lọ́pọ̀ ìgbà, ló máa wá béèrè èyí tí gbogbo iṣẹ́ wa dá lé: kí ni ìṣesí yìí ń ṣe fún ẹni tó ń ṣe é? Kí ló ń bá a gbà wá, tàbí kí ló ń bá a lé lọ?

Ọkọ yín kò parọ́ nípa ti ẹranko. Ajá ni Ivan Pavlov lò ní Rọ́ṣíà. Eku àti ẹyẹlé ni B. F. Skinner lò ní Amẹ́ríkà, ọdún 1938 ló sì kó ohun tó rí lára eku jáde nínú ìwé. Ohun tó rí ni pé ohun tó bá tẹ̀lé ìṣesí ló ń pinnu bóyá a ó tún rí ìṣesí náà lọ́jọ́ mìíràn. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ oògùn tí à ń gbé mì, ara eku ni wọ́n ti kọ́kọ́ dán an wò, a kò sì sọ pé dókítà tó kọ ọ́ fún wa ti sọ wá di eku. Ẹ sọ fún ọkọ yín pé ìbẹ̀rù wọn ní ìdí, torí àwọn kan wà tó ń fi ìmọ̀ yìí pàṣẹ fún ọmọ bí ẹni ń pàṣẹ fún ajá, èmi náà ti rí wọn rí. Ọwọ́ àwọn yẹn ni kò dára. Ohun tí Skinner rí kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni hùwà bẹ́ẹ̀ sí ọmọ.

Ní ti ìrókò, òwe náà dára fún ohun tí wọ́n ń fi í pa, ṣùgbọ́n ìtàn iṣẹ́ yìí kò bá a lọ. Lára àwọn iṣẹ́ tó kọ́kọ́ fi hàn pé ó wúlò fún èèyàn, ọ̀kan tó gbajúmọ̀ gan-an wáyé láàárín àwọn tó ti dàgbà tán. Lọ́dún 1959, Teodoro Ayllon àti Jack Michael tẹ ìròyìn iṣẹ́ tí wọ́n ṣe ní ilé ìwòsàn ọpọlọ kan ní Weyburn, lórílẹ̀-èdè Kánádà. Obìnrin kan wà níbẹ̀ tó máa ń ya wọ ọ́fíìsì àwọn nọ́ọ̀sì nígbà 16 lójúmọ́, ó sì ti tó ọdún 2 tó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti mú un padà sí yàrá, wọ́n ti tì í jáde, títí wọ́n fi gbà pé kò ní làákàyè tí wọ́n lè fi bá a sọ̀rọ̀. Àwọn méjèèjì ní kí àwọn nọ́ọ̀sì má ṣe yíjú sí i mọ́ bó bá wọlé. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ keje, ó ti di ìgbà 2 lójúmọ́. Ẹ wò ó dáadáa: ìbáwí tí wọ́n rò pé àwọn fi ń lé e jáde ló ń pè é wọlé, nítorí pé ìbáwí yẹn ni wọ́n fi ń yíjú sí i. Inú ohun tó yí i ká ni àtúnṣe ti wá, kì í ṣe inú ọjọ́ orí rẹ̀.

Ti àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ńkọ́? Ẹ gbọ́ ohun tí ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ ń wí: a bẹ̀ ẹ́ tẹ́lẹ̀, kó tó ṣe ohun tí a fẹ́. Bí ẹ bá ń fún ọmọ ní bisikíìtì kó tó ṣe nǹkan, gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe kọ ọ́, ọkọ yín tọ̀nà. Èyí tó tún burú ju ìyẹn lọ ni bisikíìtì tí à ń ki bọ ọmọ lẹ́nu nígbà tó ti ń ké lọ́wọ́ kó lè dákẹ́. Igbe la fi ìyẹn sanwó fún. Ohun tí èmi ń sọ ni èyí tó tẹ̀lé iṣẹ́. Oúnjẹ ìṣesí ni mo máa ń pè é, torí pé ohun tí a bá ń bọ́ ló ń dàgbà. Ilẹ̀ wa mọ̀ ọ́n kí Skinner tó dáyé. Ìyá jí, ó rí i pé ọmọ ti gbálẹ̀, ó pè é ní Àjàní, ó kì í, orí ọmọ wú, lọ́la ọmọ tún mú ìgbálẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń pe oríkì ní àbẹ̀tẹ́lẹ̀. Síbẹ̀, mo mọ ọmọ kan tó máa ń fi ọwọ́ méjèèjì di etí bí wọ́n bá ti ń kì í. Ìyà ni oríkì jẹ́ fún un. Ohun tó fẹ́ ni kí wọ́n tan fáànù kó máa wo bó ṣe ń yí. Ohun tó bá mú kí ìṣesí pọ̀ sí i ni oúnjẹ rẹ̀. Èyí tí kò bá mú un pọ̀ kì í ṣe oúnjẹ rẹ̀, bó ti wù kó dùn lẹ́nu tiwa tó.

N kò ní pẹ́ lórí pankẹ́rẹ́. Ó ń dá ìṣesí dúró lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n kò kọ́ ọmọ ní ohun tó yẹ kó ṣe dípò rẹ̀, àgàgà ọmọ tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ jẹ ara rẹ̀ níyà. Ìdákẹ́jẹ́ tó tẹ̀lé ẹgba sì ń bọ́ ẹni tó na ọmọ, òun náà á sì tún nà án lọ́la. Bí ẹgba ṣe ń pọ̀ nínú ilé láìsí ẹni tó pinnu rẹ̀ nìyẹn.

Wàyí o, ọmọ yín. Ẹ ti kọ ìdajì ìdáhùn sínú lẹ́tà yín láìmọ̀: ìgbà tí ìwé bá dé, tàbí ìgbà tí omi ìwẹ̀ bá dé, ló ń bu ara rẹ̀ jẹ. Ẹ kò sọ ohun tó máa ń tẹ̀lé e, ṣùgbọ́n mo rò pé ẹ máa ń gbé ìwé kúrò. Ìyá wo ni kò ní gbé e kúrò? Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ọmọ yín ti mọ gbólóhùn kan tó dájú ju gbogbo ọ̀rọ̀ mẹ́wàá tó lè sọ lọ: bí mo bá bu ọwọ́ jẹ, ohun tó nira yìí á kúrò. Lọ́dún 1982, Brian Iwata àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Baltimore fi ipò mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ dán èèyàn 9 tó ń ṣe ara wọn léṣe wò, ìṣẹ́jú 15 lẹ́ẹ̀kan: wọ́n ń gbé iṣẹ́ fún wọn, wọ́n ń kẹ́dùn fún wọn nígbà tí wọ́n bá lu ara wọn, wọ́n ń fi wọ́n sílẹ̀ láwọn nìkan, wọ́n sì ń bá wọn ṣeré. Ìgbà tó di 1994, wọ́n ti kó ti èèyàn 152 jọ. Nínú 100, nǹkan bíi 38 ló ń ṣe é kí iṣẹ́ tàbí ìyọlẹ́nu lè kúrò. Bíi 26 ń ṣe é kí èèyàn lè yíjú sí wọn tàbí kí wọ́n lè rí nǹkan gbà. Bíi 26 mìíràn ń ṣe é fún ohun tí ara wọn fúnra rẹ̀ ń rí níbẹ̀. Lójú, ìṣesí kan náà ni. Ìdí tí mo fi ń ka iye wọ̀nyí fún yín ni pé ohun tó wo ẹnì kan sàn lè ba ti ẹlòmíràn jẹ́. Bí ọmọ tó fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ìwé bá bu ọwọ́ jẹ, tí olùkọ́ wá ní kó lọ dúró sí kọ̀rọ̀, ẹ̀bùn ni olùkọ́ fún un. Bí ọmọ tó fẹ́ kí èèyàn wo òun bá lu orí, tí gbogbo ilé sáré wá, ẹ̀bùn náà ni. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe dán ipò mẹ́rin yẹn wò nílé. Fífa ìṣeléṣe jáde mọ̀ọ́mọ̀ gba ẹni tó mọṣẹ́, pẹ̀lú dókítà nítòsí. Wíwò àti kíkọ sílẹ̀ ni tiyín.

Ṣùgbọ́n ṣáájú ohunkóhun, kí dókítà wo etí rẹ̀, eyín rẹ̀, ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ àti inú rẹ̀. Mo ṣe àṣìṣe kan ní ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ mi tí mi ò lè gbàgbé. Ìyá kan mú ọmọbìnrin rẹ̀ wá, tó ń gbá ẹ̀gbẹ́ orí. Mo wo ìwé tó kọ, mo rí i pé ó ń ṣẹlẹ̀ nígbà iṣẹ́, mo sì ní kí wọ́n máa bá iṣẹ́ lọ. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni etí ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọyún. Ìrora ló ń pa ọmọ, iṣẹ́ wulẹ̀ ń fi kún un ni. Láti ìgbà náà, n kì í gba ọmọ tó ń lu ara rẹ̀ láìjẹ́ pé dókítà ti kọ́kọ́ rí i.

Bí ara bá dá, ohun tí mo máa dá lábàá ni pé kí ẹ fún un ní ọ̀nà mìíràn tó máa ṣe iṣẹ́ tí ìbunijẹ náà ń ṣe. Edward Carr àti Mark Durand ṣe èyí pẹ̀lú ọmọ 4 lọ́dún 1985: wọ́n kọ́ èyí tó ń sá fún iṣẹ́ tó le láti sọ pé kò yé òun, wọ́n sì kọ́ èyí tó ń wá ẹni tó máa yíjú sí i láti béèrè bóyá òun ń ṣe dáadáa. Ìdààmú náà lọ sílẹ̀ gidigidi. Ti ọmọ yín lè jẹ́ "Ó tó," tàbí páálí kékeré kan tí ẹ ya ọwọ́ tó nà sókè sí. Ẹ gbé ìwé sí i níwájú, kó tó bu ọwọ́ jẹ, kí ẹnì kan ràn án lọ́wọ́ láti na páálí náà sí yín, kí ẹ sì gbé ìwé kúrò lójú ẹsẹ̀. Bó bá nà án nígbà 20 lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ gbé e kúrò nígbà 20. Mo mọ̀ pé ẹ ó máa rò pé kò ní kàwé mọ́ láyé. Ẹ mú sùúrù. Nígbà tí páálí bá ti gba ipò eyín, ẹ ó ní kó fa ìlà kan kí ó tó di pé ó tó, lẹ́yìn náà ìlà méjì. Mo ti rí i tó gba oṣù mẹ́ta, mo ti rí i tó gba ọdún kan.

Ewu kan wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ. Bí ohun tó ń bọ́ ìṣesí bá dáwọ́ dúró lójijì, ìṣesí náà lè kọ́kọ́ le sí i. Ẹni tí wọ́n máa ń ṣílẹ̀kùn fún bó bá ti kàn án, bí wọn kò bá ṣí i lónìí, á kàn án kíkankíkan kó tó lọ. Ọmọ tó ń sunkún lè ké jù bẹ́ẹ̀ lọ láìsí ewu. Ọmọ tó ń gbá orí mọ́ ògiri lè fọ́ orí. Nítorí náà, ẹ má ṣe gbọ́ tẹni tó bá ní kí ẹ kàn máa wò ó níran. Ẹ fi tìmùtìmù sáàárín orí àti ògiri, láì sọ̀rọ̀ púpọ̀, kí ẹ sì máa kọ́ ọ ní páálí náà lọ. Kí gbogbo ilé sì dáhùn bákan náà. Bí ẹ̀yin àti ọkọ yín bá ń gbọ́ ti páálí, tí ẹnì kan nínú ilé sì ń gbé ìwé kúrò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan nítorí eyín, eyín náà yóò le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí tẹ́tẹ́ ṣe ń mú èèyàn nìyẹn: torí pé ó jẹ lẹ́ẹ̀kan ló ṣe ń padà lọ.

Ti ìwẹ̀, ó ṣeé ṣe kó má jẹ́ ọ̀rọ̀ sísá fún iṣẹ́ rárá. Kànrìnkàn ha gan-an fún ọmọ tí ara rẹ̀ ń gbọ́ nǹkan ju tiwa lọ. Ẹ fi aṣọ rírọ̀ dípò rẹ̀, ẹ jẹ́ kí omi lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ má da omi sí i lórí lójijì. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ gbé e ní díẹ̀díẹ̀. Lọ́dún 1964, Montrose Wolf, Todd Risley àti Hayden Mees kọ nípa ọmọ ọdún 3 àtààbọ̀ kan tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún, tí ojú rẹ̀ yóò fọ́ bí kò bá lo awò ojú, ṣùgbọ́n tí kì í jẹ́ kí nǹkan kan ojú òun. Wọ́n fi férémù tí kò ní dígí sí i bẹ̀rẹ̀, kí ó sáà kọ́kọ́ dì í mú. Nígbà tó fi máa kúrò nílé ìwòsàn, ó ń wọ awò ojú rẹ̀ ní wákàtí 12 lójúmọ́. Ẹsẹ̀ nìkan ni kó kọ́kọ́ tẹ̀ bọ omi lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ bó bá jẹ́ ibi tó lè dé nìyẹn.

Àbúrò yín á ti sọ fún yín nípa wákàtí 40 lọ́sẹ̀. Iṣẹ́ Ivar Lovaas ní Los Angeles ló ti wá. Lọ́dún 1987 ó ròyìn pé nínú ọmọ kékeré 19 tí wọ́n kọ́ báyìí fún ọdún 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn 9 ló bá ẹgbẹ́ wọn wọ kíláàsì kìn-ín-ní láìsí ìrànwọ́ àkànṣe. Ìròyìn yẹn ló gbé iṣẹ́ wa kiri àgbáyé, mo sì máa ń ṣọ́ra bí mo bá fẹ́ sọ ọ́ fún òbí. Wọn kò fi ìbò pín àwọn ọmọ náà sí ìsọ̀rí, nítorí náà a kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé ẹ̀kọ́ náà nìkan ló fà á; wọ́n sì máa ń gbá ọmọ ní itan fún ìbáwí, ohun tí èmi kò ní fọwọ́ sí láé. Àwọn tó ní autism tí wọ́n ti dàgbà wà lónìí tí wọ́n ń sọ pé ẹ̀kọ́ yìí kọ́ àwọn láti fi ara àwọn pa mọ́, pé wọ́n ní kí àwọn má jupá lemọ́lemọ́ bó ṣe mọ́ àwọn lára, kí àwọn wo ojú èèyàn tipátipá. Mo gbà wọ́n gbọ́. Jíjupá kì í pa ẹnikẹ́ni lára. Ẹ bá ohun tó ń ṣe ọmọ léṣe àti ohun tó ń dí i lọ́wọ́ jà, kí ẹ fi ìyókù sílẹ̀ fún un, torí autism kì í ṣe ohun tí a ń wò kúrò lára èèyàn.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ti Màmá. Lọ́dọ̀ tiwọn náà, dókítà ló ṣáájú. Bó bá jẹ́ pé láàárín ọjọ́ díẹ̀ ni igbe ìrọ̀lẹ́ yẹn bẹ̀rẹ̀ tàbí tó ṣàdédé le sí i, ó lè jẹ́ àrùn nínú ìtọ̀, ibà, inú kíkún, tàbí oògùn tuntun ló ń dà wọ́n lọ́kàn rú. Kí wọ́n wo etí àti ojú wọn náà. UCH, ilé ìwòsàn ńlá tó wà nítòsí yín, ní ibùdó ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà láti ọdún 2012. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé gbogbo àgbà ló ń ṣarán. Lọ́dún 1992 ni àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Ìbàdàn àti ti Indiana bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé àwọn àgbà ní Ìdíkàn, nílùú yín níbẹ̀. Ìròyìn wọn ní 2001 ni pé nínú àwọn tó ti lé ní ọdún 65, àwọn tí àrùn ìgbàgbé mú tuntun lọ́dún kan jẹ́ 1.35 nínú 100 ní Ìbàdàn, 3.24 nínú 100 láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú ní Indianapolis. Bó bá jẹ́ ọjọ́ orí lásán ni, kò ní yàtọ̀ láti ìlú sí ìlú tó bẹ́ẹ̀. Àìsàn ni, Màmá kò sì mọ̀ọ́mọ̀ ń yọ yín lẹ́nu.

Ìtúpalẹ̀ ìṣesí kò lè dá iyè wọn padà. Ohun tó lè tún ṣe ni ilé tí wọ́n ń gbé inú rẹ̀ àti bí ẹ ṣe ń dá wọn lóhùn. Ogden Lindsley ti kọ ọ́ láti ọdún 1964 pé bí a ṣe ń fún ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e ní ọ̀pá, bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí a ṣe àyíká àgbà kó máa ran ìṣesí wọn lọ́wọ́. Skinner fúnra rẹ̀ pé ọdún 79, bíi ti Màmá, lọ́dún tó kọ ìwé lórí ọjọ́ ogbó. Ìmọ̀ràn rẹ̀ kan ni pé bí o bá gbọ́ pé òjò máa rọ̀, má ṣe dúró de ìgbà tí o bá fẹ́ jáde, gbé agbòjò kọ́ ọwọ́ ilẹ̀kùn báyìí báyìí. Fún ẹni tí àìsàn ti jìnnà lára rẹ̀, ẹlòmíràn ló máa bá wọn gbé agbòjò náà kọ́. Ní 1990, Michelle Bourgeois ṣe ìwé kékeré alábala fún àwọn tí wọ́n ní àrùn ìgbàgbé tí wọ́n ń pè ní Alzheimer, fọ́tò àti gbólóhùn kúkúrú nípa ẹbí wọn àti ọjọ́ wọn ló wà nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu wọn sì túbọ̀ lójú. Ní 1997, ó kọ́ àwọn tó ń tọ́jú wọn nílé láti máa fi irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ dáhùn ìbéèrè àbéèrètúnbéèrè, ìbéèrè náà sì dín kù.

"Bàbá yín dà?" Ìbéèrè yìí wọ̀ mí lọ́kàn. Bí ẹ bá ní, "Bàbá ti kú," òótọ́ ni, ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ Màmá, òní ni wọ́n kú, wọ́n á sì tún sunkún tuntun. Bí ẹ bá ní, "Wọ́n ń bọ̀," ara á rọ̀ wọ́n, àmọ́ wọ́n lè máa wo ẹnu ọ̀nà títí ilẹ̀ á fi ṣú, irọ́ pípa fún ìyá ẹni sì wúwo. Bí ẹ bá ní, "Ẹ ti béèrè lẹ́ẹ̀kan," ìtìjú nìyẹn fún àgbà. Èmi kì í yan ìkankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bí mo bá lè rí ọ̀nà mìíràn. Mo máa ń béèrè ohun tí ìbéèrè náà ń bá wọn gbà wá. Ẹ kọ aago tí wọ́n béèrè rẹ̀ sílẹ̀, ẹ kọ ẹni tó wà lọ́dọ̀ wọn. Bó bá jẹ́ pé ìgbà tí wọ́n dá wà ló ń pọ̀ jù, àárò ló ń sọ wọ́n, ìbéèrè yẹn ni wọ́n sì fi ń pe èèyàn. Ẹ má wá dúró dè é. Kí ẹnì kan máa yọjú sí wọn ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kó kúnlẹ̀ kí wọn, kó gbé ewédú fún wọn já tàbí ẹ̀wà fún wọn ṣà. Bí wọ́n bá béèrè, ẹ gbé ìwé fọ́tò lé wọn lọ́wọ́: "Bàbá wa nìyí, Màmá. Ẹ sọ bí ẹ ṣe pàdé wọn fún mi." Bí wọn kò bá ka ìwé, ohùn yín lórí fóònù lè sọ ohun tó wà nínú fọ́tò. Bí wọ́n bá tẹjú mọ́ yín tí wọ́n sì béèrè bóyá Bàbá ti kú, ẹ sọ òótọ́ fún wọn, kí ẹ sì jókòó tì wọ́n.

Igbe ìrọ̀lẹ́ ni mo fẹ́ kí ẹ wò jù. Àgbàlagbà kan wà tí wọ́n pè mí sí ní Abẹ́òkúta, tí wọ́n máa ń pariwo, tí wọ́n sì ń gbá èèyàn lọ́wọ́ nírọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́. Gbogbo ilé ní ọpọlọ wọn ti dàrú. Nígbà tí a kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́wàá, a rí i pé aago ìwẹ̀ ni, àti pé aya ọmọ wọn ló ń bọ́ aṣọ lára wọn. Ojú ń ti Bàbá ni. Ọmọkùnrin wọn gba iṣẹ́ náà, a fi kànrìnkàn sí Bàbá lọ́wọ́ kí wọ́n máa fọ ara wọn bí wọ́n ti lè ṣe é tó, igbe náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tán láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ti Màmá lè jẹ́ òkùnkùn kí ẹ tó tan iná, ariwo jẹnẹrétọ̀, ìtọ̀ tó ń gbọ̀n wọ́n tí wọn kò lè sọ, tàbí àárẹ̀. Ó sì lè jẹ́ igbe ọmọ yín nígbà ìwẹ̀ ìrọ̀lẹ́ ló ń dẹ́rù bà wọ́n. Ẹ fi aago àwọn méjèèjì wé ara wọn.

Àwọn tó kọ́ṣẹ́ yìí dójú àmì kò pọ̀ nílẹ̀ wa, owó wọn sì lè ga. Bí ẹ bá rí ẹnì kan, ẹ béèrè bóyá á kọ́kọ́ wá wo ọmọ kó tó kọ́ ọ, bóyá á jẹ́ kí ẹ jókòó síbẹ̀, bóyá á fi àkọsílẹ̀ hàn yín lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bó bá ṣèlérí ìwòsàn láàárín oṣù mẹ́ta, tàbí tó ń fi ìrora báni wí, ẹ dúpẹ́ kí ẹ máa lọ. Wákàtí díẹ̀ lọ́sẹ̀ pẹ̀lú ẹni tó ń kọ́ ẹ̀yin òbí gan-an lè wúlò ju wákàtí púpọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Lẹ́tà kan ni mo rí, n kò rí ọmọ, n kò rí Màmá. Ohun tí mo pè ní sísá fún iṣẹ́ lè jẹ́ nǹkan mìíràn. Ẹ̀yin náà sì gbọ́dọ̀ sùn. Ẹ bá àwọn ẹbí sọ̀rọ̀ kí ẹnì kan gba ìrọ̀lẹ́ méjì lọ́sẹ̀ lọ́wọ́ yín, torí pé kò sí ìkankan nínú ohun tí mo sọ tó ṣeé ṣe fún ẹni tí oorun ń pa.

Lẹ́yìn tí dókítà bá ti rí àwọn méjèèjì, ẹ fi ọ̀sẹ̀ méjì kọ ọ́ sílẹ̀ láì tíì yí nǹkan kan padà, àfi tìmùtìmù ara ògiri nìkan. Ọjọ́, aago, ẹni tó wà níbẹ̀, ohun tó ṣáájú, ohun tí wọ́n ṣe, ohun tó tẹ̀lé e. Kí ti ọmọ wà lójú ìwé kan, kí ti Màmá wà lójú ìwé kejì, kí ọkọ yín náà sì máa kọ tiwọn lọ́tọ̀. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, a ó jọ kà á.